Ìgbín Òyìnbó àti Wàrà Ọjà Bódìjà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé èmi, tíṣà tí iṣẹ́ mi kò ju ṣọ́ọ̀kì àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ, yóò jókòó ti ìkòkò iyanrìn ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Agbowó, tí n óò máa fi ẹ̀mú to eèédú sórí ọmọrí, n óò ní onítọ̀hún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ṣe é. Àwọn aládùúgbò rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ń fẹ́ná mi lọ.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ni ó fà á. Bàbá mi hun aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Nígbà tí Màmá wa papòdà ní ọdún 2023, àwa ọmọ sọ pé kò yẹ kí ó máa dá gbé, mo sì lọ mú un wá sí Ìbàdàn. Láti ọjọ́ tí ó ti dé ni kò ti bá wa jẹun lórí tábìlì. Yóò ní, "Ẹ bá mi gbé tèmi wá sí yàrá." Bí a bá gbé e lọ, ní nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà abọ́ yóò padà wá, ìlàjì oúnjẹ yóò wà nínú rẹ̀, yóò sì ti fi ọmọrí bò ó dáadáa kí ìyàwó mi má baà tètè rí i. Bí ó bá jẹ́ àmàlà ni, yóò dín díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìrẹsì, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dín rárá. Ní oṣù kẹta, wọ́n wọ̀n ọ́n ní ilé ìwòsàn, kílò mẹ́fà ti lọ lára rẹ̀ láàárín ọdún kan. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí àrùn kan. Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Ta ni ó ń bá Bàbá jẹun?" N kò rí èsì fún un.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ní àsìkò Kérésìmesì tí ó ṣáájú, àbúrò ìyàwó mi tí ń gbé ní ìlú Manchester ti fi ẹrù díẹ̀ rán ẹnì kan tí ó ń bọ̀ wálé. Nínú ẹrù náà ni páálí makarónì kan wà. Kì í ṣe makarónì tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rà ní Dùgbẹ̀ o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ rí bí ìkarahun ìgbín kékeré, ó ṣófo nínú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí ara páálí: wọ́n ti ki nǹkan funfun àti ewé sínú rẹ̀, ọbẹ̀ pupa sì yí i ká. Àwọn ọmọ mi mẹ́ta wo àwòrán náà títí ó fi di orin ní ẹnu wọn: "Dádì, ìgbà wo ni a óò se ìgbín òyìnbó?"

Ìyàwó mi ń ta aṣọ ọmọdé ní Dùgbẹ̀. Kì í sábà dé kí aago méje tó lù, bí ọkọ̀ bá sì há ní Mọ́kọ́lá, ó di aago mẹ́jọ. Ó ní òun kò ní àyè ìgbín òyìnbó. Nígbà tí a gba ìsinmi ọdún Àjíǹde, mo ní èmi yóò sè é ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, kí gbogbo ilé jókòó jẹ ẹ́ pọ̀, Bàbá pẹ̀lú. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ba ìkòkò mi jẹ́, ẹ óò ra òmíràn o."

Kí n tó dé ibi ìdáná, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Àwọn ará Ítálì ni wọ́n ń se é. Àlìkámà líle kan tí a ń pè ní durum ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń fi omi pò, tí wọ́n ń gé sí oríṣiríṣi ìrísí, tí wọ́n sì ń sá gbẹ. Ọ̀rọ̀ makarónì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní ọdún 1154, al-Idrisi, ọ̀mọ̀wé Lárúbáwá tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Ọba Roger ti Sísílì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ní ìlú kan tí ń jẹ́ Trabia, wọ́n ń fi àlìkámà ṣe oúnjẹ gbígbẹ kan lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ tà ní ilẹ̀ Mùsùlùmí àti ti Kìrìstẹ́nì. Ẹ̀yin oníṣòwò yóò mọ ìdí rẹ̀: ohun tí ó bá gbẹ kì í tètè bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Tòmátì tí gbogbo ayé fi mọ ọbẹ̀ wọn lónìí, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn àfi lẹ́yìn ọdún 1492. Àlejò ni ní ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ àlejò ní ilé wa.

Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí àlìkámà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ni ó ń hù ní ilẹ̀ wa, ní òkè Ọya lọ́hùn-ún. Ọdún 1962 ni ẹ̀rọ ìlọyẹ̀fun ńlá ti Flour Mills bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àpápá. Ní ọdún 1987, ìjọba Babangida fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé, òfin náà kò sì kúrò títí di ọdún 1992. Bàbá rántí ìgbà náà dáadáa, nítorí búrẹ́dì di ohun tí ènìyàn ń fi ojú wá. Lẹ́yìn tí wọ́n tú owó náírà sílẹ̀ sí ọwọ́ ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni owó makarónì fò sókè, ó sì ju ìlọ́po méjì lọ kí ọdún 2024 tó parí. Nítorí náà, páálí tí a fi rán wa láti ìlú òyìnbó kì í ṣe ohun tí mo lè fi ṣeré. Mo kà wọ́n: méjìlélógójì ni ìkarahun inú rẹ̀. Bí mo bá bà wọ́n jẹ́, ó parí nìyẹn.

Nǹkan funfun inú àwòrán ni ó kọ́kọ́ dà mí lójú rú. Ricotta ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Ítálì ni "èyí tí a tún sè". Bí wọ́n bá ti mú wàràkàṣì jáde láti inú mílíìkì, wọn kì í da omi tí ó kù nù. Wọ́n á tún un gbé kaná títí funfun rírọ̀ kan yóò fi léfòó sókè, òun ni wọ́n ń kó. Mo wá a dé ìsọ̀ ńlá kan ní Ring Road. Nígbà tí mo rí iye tí wọ́n kọ sára ike kékeré kan, mo dá a padà sí àyè rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo sì jáde. Nínú ọkọ̀ ni mo ti rò ó pé, kí ni ó tún kù tí ó jẹ́ funfun, tí ó rọ̀, tí ó sì ti inú mílíìkì jáde? Wàrà mà ni!

Mo lọ sí ọjà Bódìjà ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, òwúrọ̀ ni à ń ra wàrà. Mo ra tòmátì, tàtàṣé, àlùbọ́sà àti ìdì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kan, mo sì rí obìnrin Fúlàní kan tí ó gbé igbá kalẹ̀. Wàrà mẹ́wàá ni mo rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù ọmọdé. Oòrùn mú gan-an. Mo tún dúró bá ọ̀rẹ́ mi kan sọ̀rọ̀ owó oṣù, ọ̀rọ̀ tí kì í tán láàárín tíṣà méjì.

Nígbà tí mo délé, Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kí i, mo ń kọjá lọ. Ó ní, "Tíṣà, kí ni ó ń rùn nínú ike yẹn?" Láti ọjọ́ tí mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni ó ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ní wàrà ni. Ó na ọwọ́. Ó ṣí ike náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá ń fi ìka àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń tẹ òwú wò kí ó tó rà á. Ó yọ méjì sọ́tọ̀. Ó ní, "Èyí ti ń yọ̀, ẹ dà á nù. Àwọn mẹ́jọ yìí kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kan díẹ̀ ni. Ta ni ó rán ọ ra wàrà ní ọ̀sán gangan?"

Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ìgbà tí ó ti dé ilé mi. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, àwọn obìnrin Fúlàní a máa ti gáà wá sí Ìṣẹ́yìn ní òwúrọ̀, ìyá òun a sì fi àgbàdo gba wàrà lọ́wọ́ wọn, kò sí owó níbẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun a máa sá lọ sí gáà lọ wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á gbé mílíìkì kaná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, wọ́n á gún ewé bọmubọmu, wọ́n á fún omi rẹ̀ sí i, wọ́n á sì máa rò ó díẹ̀díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi dì. Wọ́n á kó o sínú ajọ̀ kéékèèké, omi rẹ̀ á máa ro. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń mu omi náà. Ó ní, "Bí kò bá tà tán ní ọjọ́ kan, wọ́n á tún un bọ̀ nínú omi ara rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Lọ bọ tìrẹ nínú omi oníyọ̀, kí ó hó dáadáa." Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kíkan náà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má ṣe fo bíbọ̀ yìí, àní bí wàrà yín bá tilẹ̀ jẹ́ ti òwúrọ̀, nítorí ẹ kò mọ ibi tí ó ti kọjá kí ó tó dé igbá.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀. Ìkarahun mẹ́wàá ni mo kọ́kọ́ fi dán ọwọ́ wò. Mo sè wọ́n gẹ́gẹ́ bí a ti ń se makarónì jẹ ní ilé wa, títí wọ́n fi rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀. Bí mo ti ń gbé wọn jáde ni wọ́n ń ya. Méje ya, mẹ́ta ni ó kù. Àkọ́bí mi wò mí bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ti máa ń wò mí bí mo bá ṣi ìṣirò ṣe sí ojú pátákó. Mo wá lo ọgbọ́n. Oúnjẹ yìí yóò tún lọ jókòó nínú ọbẹ̀ gbígbóná, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti jinná tán. Ogún tí mo sè lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ni mo fún wọn nínú omi oníyọ̀ tí ó ń hó. Wọ́n ṣì le díẹ̀ ní eyín. Mo sẹ́ wọn, mo da omi tútù sí wọn, mo fi òróró díẹ̀ pa wọ́n lára, mo sì tò wọ́n sórí aṣọ mímọ́ kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ ara wọn. Kò sí ìkankan tí ó ya.

Ọbẹ̀ kò ní wàhálà. Tòmátì, tàtàṣé, àlùbọ́sà, àti rodo ẹyọ kan péré nítorí àwọn ọmọ. Mo dín in títí kíkan tòmátì fi lọ, mo wá da omi sí i kí ó ṣàn ju ọbẹ̀ ata wa lọ, nítorí makarónì yóò mu nínú rẹ̀. Àwọn ará Ítálì a máa já ewé kan sí tiwọn, ewé náà sì jẹ́ ẹbí efinrin wa. Mo já efinrin ewé méjì sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ju méjì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àgbo ni ẹ óò jẹ.

Mo rún wàrà mẹ́jọ náà pẹ̀lú ọwọ́ títí ó fi dà bí gààrí tútù. Mo bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, mo fún omi rẹ̀ dànù pátápátá, mo gé e wẹ́wẹ́, mo pò ó mọ́ wàrà pẹ̀lú ẹyin méjì àti iyọ̀. Ẹyin ṣe pàtàkì, nítorí wàrà wa kì í yọ́ lórí iná bí wàràkàṣì òyìnbó. Bí kò bá sí ẹyin tí yóò mú un pọ̀, yóò máa dànù bí iyanrìn ni.

Ibi tí a ó ti kì í sínú ìkarahun ni iṣẹ́ ti dojú rú. Ṣíbí tóbi jù fún ẹnu rẹ̀. Ìka mi tóbi jù. Àwọn ọmọ ń kì í, ó ń dà sílẹ̀, àbíkẹ́yìn sì ń jẹ èyí tí ó dà. Bàbá yọ sí wa ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó dúró ń wò wá fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe." Ó fọ ọwọ́, ó fa àpótí kan, ó jókòó. Ó fi ọwọ́ òsì mú ìkarahun kan, ó fi àtàǹpàkò fẹ ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún ju wàrà sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé e kalẹ̀, ó mú òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí ahunṣọ tí ó ń ju ọ̀kọ̀ ní Ìṣẹ́yìn yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn ọmọ dákẹ́, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣe mẹ́tàlélógún tán kí ọbẹ̀ mi tó tutù.

A kò ní ààrò oníná. Owó gáàsì sì ń dẹ́rù ba tíṣà. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ní ilé-ìwé, ìkòkò iyanrìn ni wọ́n sì fi ń yan kéèkì nígbà náà. Ó fi iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin ńlá, ó ga tó ìka mẹ́ta ní ìdábùú, a gbé e ka àdògán eléèédú títí iyanrìn fi gbóná. Ó ní kí n fi agolo mílíìkì mẹ́ta tó sórí iyanrìn, kí páànù má fi ìdí kan án. Mo da ọbẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ páànù, mo to ìkarahun sí i, ẹnu wọn sí òkè, mo da ọbẹ̀ yòókù lé wọn lórí, mo fi páànù mìíràn bò ó, mo dé ìkòkò, mo sì to eèédú sórí ọmọrí. Ó lo ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbẹ́ kan jó díẹ̀, nítorí mo fi ìwàǹwára fẹ́ná níbẹ̀. Ìyàwó mi yẹ ìkòkò rẹ̀ wò kí ó tó yẹ oúnjẹ wò.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo gbé e dé orí tábìlì. Mo bu ti Bàbá sínú abọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ti wà lára ọmọrí tí mo fẹ́ fi bò ó, bí ìṣe wa. N kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́. Àbíkẹ́yìn mi ni ó ké sí yàrá pé, "Bàbá àgbà, ẹ wá mọ àwọn tí ẹ kì lára wọn!"

A gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jáde, ó wo àga tí a ti fi sílẹ̀ fún un láti ìgbà tí ó ti dé, ó jókòó. Ó fi fọ́ọ̀kì pín ọ̀kan sí méjì, ó wo inú rẹ̀. Ó ní ata rẹ̀ kò tó. Ìyàwó mi dìde lọ gbé ata díndín wá. Eyín ẹ̀yìn Bàbá kò pé mọ́, ṣùgbọ́n makarónì náà rọ̀, wàrà rọ̀, kò sí èyí tí ó bá a jà. Ó jẹ méjì, ó jẹ mẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ọmọ bí màlúù kan ṣe lé òun kúrò ní gáà tí òun fi sọ ṣòkòtò nù sínú igbó. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tú ọbẹ̀ sí aṣọ tábìlì, ìyá wọn kò sì bá wọn wí. Ó ní Màmá yín, ìyẹn ìyá mi, kì í jẹ wàrà rí, à fi bí wọ́n bá dín in. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó dá orúkọ rẹ̀ sọ láìjẹ́ pé a bi í.

Mẹ́fà ni ó jẹ. Èmi rí méjì péré, ara ibi tí ó jó sì ni.

Ní ọjọ́ Ajé, ó ní kí a gbé oúnjẹ òun wá sí yàrá, àmàlà ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jáde. Láti ìgbà náà, ó ń jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀, ní pàtàkì bí wàrà bá wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ rà á ní Bódìjà báyìí, kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tó lù, nítorí ó ní èmi kò mọ wàrà á rà. Ìkarahun méjìlá ṣì wà nínú páálí. Ní àná, mo bá a ní ilé ìdáná tí ó da wọ́n sórí tábìlì, tí ó ń kà wọ́n.